Ìdí Tí Adéfúnkẹ́ Fi Jáde Dupò

Ọ̀rọ̀ ni Adébùsọ́lá ń sọ títí tí wọ́n fi gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù Arámọkọ. Télọ̀ ni, ọmọ Èrìò. Aṣọ ilé-ìwé tó rán ló ń kó lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, tí tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ já fi ti takisí tó wọ̀ sínú kòtò, níbi kọ́nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lójú ọ̀nà Arámọkọ sí Ẹ̀fọ̀n. Adéfúnkẹ́ Kọ̀yà ló gbé orí rẹ̀ lé itan nínú ọkọ̀ tó gbé e kúrò níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí aṣọ àwọn ọmọ yẹn dọ̀tí," ló ń wí. "Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́."

"A ti kó o pamọ́," Adéfúnkẹ́ dá a lóhùn.

Kò sẹ́ni tó kó o. Aṣọ ti fọ́n ká etí kòtò, epo mọ́tò sì ti rin ín gbingbin.

Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n bá ní ọsibítù. Ó sáré jáde, ó wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó sì wo ojú Adéfúnkẹ́. Dókítà ti lọ sí Adó láti àárọ̀. Iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó máa gbé iná wọ yàrá iṣẹ́ abẹ sì ti bàjẹ́ látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà di ojú egbò bó ṣe lè dì í, ó ní kí wọ́n tètè máa gbé e lọ sí Adó. Lójú ọ̀nà, Adébùsọ́lá ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń sọ, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni. Nígbà tó yá, ó ní òtútù ń mú òun. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ Adó, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Rachael ni orúkọ mi. Èmi àti Adéfúnkẹ́ jọ ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Arámọkọ nígbà náà, ògiri kan ló wà láàárín kíláàsì mi àti tirẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé ikú télọ̀ náà, ó wá síbi iṣẹ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó yẹ èékánná wọn wò. Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, ó wá jókòó tì mí.

"Rachael, mo fẹ́ dupò," ó ní.

"Ipò wo? Ti ẹgbẹ́ olùkọ́?"

"Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Mo fẹ́ lọ ṣojú ẹkùn wa."

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Ọmọ Ògúnbọ̀dé ni, láti Èrìò, ilé àgbẹ̀ tó ń bọ Ògún láti ìran baba wọn wá. Nígbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, òun àti Michael, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà nínú bọ́ọ̀sì kan tó gbókìtì ní kọ́nà yẹn kan náà. Àwọn tó ń kọjá lọ fà á jáde. Wọ́n fa Michael náà jáde, ṣùgbọ́n orí àti èjìká ni wọ́n gbá mú tí wọ́n fi ń wọ́ ọ, torí wọn ò mọ̀ pé ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Adéfúnkẹ́ jókòó sórí koríko, ó ń wò wọ́n. Aájò ni wọ́n ń ṣe, kò lè bá wọn bínú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí táyà ọkọ̀ bá ké lójú títì, á ti dìde dúró kó tó mọ̀ pé òun dìde.

Lẹ́yìn tó lọ́kọ tó sì ń gbé Arámọkọ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀. Ó lọ kọ́ ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì kó àwọn ọlọ́kadà jọ, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tó ṣèṣe láì yí ọrùn rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ tó mọ́ di ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya. Caleb, ọlọ́kadà kan ní ìkóríta Ìtawùré, ni igbá kejì rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní kọ́nà, Caleb á tẹ̀ ẹ́ láago, Adéfúnkẹ́ á sì ti dé. Ó ti fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná rí. Ó ti dìde láàárín ìwàásù rí, tí pásítọ̀ dákẹ́ títí ó fi jáde.

Kí Adébùsọ́lá tó kú, Adéfúnkẹ́ àti Caleb ti lọ rí aṣòfin tó ń ṣojú wa. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn gbé ọ̀rọ̀ dókítà àti jẹnẹrétọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀, àti ti áńbúláǹsì kan fún ojú ọ̀nà náà. Ọkùnrin náà fi ọ̀yàyà gbà wọ́n. Kò pẹ́ púpọ̀, àpò ńlá kan dé sí Ìtawùré. Ẹ̀wù aláìlápá tó máa ń tàn bí iná ọkọ̀ bá kàn án ló wà níbẹ̀, àwòrán aṣòfin náà sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ̀ ọ́, torí ó wúlò. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ló wà lọ́rùn Adéfúnkẹ́ lọ́jọ́ tí télọ̀ náà kú lé e lẹ́sẹ̀.

"Ọwọ́ wa lè fa èèyàn jáde nínú ọkọ̀," ó sọ fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn. "Kò lè fa dókítà wá láti Adó. Ibi tí wọ́n ti ń pín dókítà, mo fẹ́ wà níbẹ̀ kí n máa yọ wọ́n lẹ́nu."

Ọkọ rẹ̀, Ọládèjì, kò rí i bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Kò lè wo ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pa adìyẹ nínú ilé, á wá nǹkan ṣe níta. Ní gbogbo ọdún tí ìyàwó rẹ̀ fi ń sáré lọ sí kọ́nà, kò tẹ̀lé e débẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyá Adérìn," ó ní, "tísà tó bá fẹ́ dupò gbọ́dọ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Adérìnsọ́lá ṣì wà ní yunifásítì."

"Mo mọ̀, Bàbá Adérìn."

"Bí o bá wá fìdí rẹmi ńkọ́?" Ọládèjì wá sọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. "Ṣé torí Michael ni? Torí bó bá jẹ́ torí Michael ni, kò sí ipò tó lè jí i dìde."

Adéfúnkẹ́ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà dà bí ìgbátí, torí òun náà ti bi ara òun bẹ́ẹ̀.

"Ó lè jẹ́ torí rẹ̀," ó dá ọkọ rẹ̀ lóhùn. "Ó lè jẹ́ torí télọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa kó sínú kòtò yẹn lọ́la, mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀ lórí tirẹ̀ náà."

Ọládèjì dìde. "Mi ò ní bá ọ jà," ó ní. "Mi ò sì ní bá ọ lọ."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sùn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìdìbò bá ti wọlé, Ọládèjì á jáde.

Èmi ni mo bá a lọ sí Èrìò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Màmá ti dàgbà, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ń yí ọ̀bẹ ìbóṣu po lọ́wọ́.

"Uṣẹ́ tísà ò tó ọ ni?" ó béèrè.

"Ó tó, Yèyé."

"Wọ́n sun ulé bàbá rẹ nítorí òṣèlú. O ò tíì gbọ́n nígbà náà. Kì í ṣe pé ó dupò o. Ó kàn jókòó ti ẹni tó dupò ni. Kòkó tó ti sá gbẹ wà nínú ulé ọ̀hún."

Adéfúnkẹ́ kúnlẹ̀ síbẹ̀. Màmá fọwọ́ tẹ ilẹ̀ dìde, ó lọ sí igun àgbàlá níbi tí ojú Ògún wọn wà, àwọn ọkọ́ àtijọ́ àti irin mọ́tò kan. Ó bu omi ta síbẹ̀.

"Ògún ló ni irin, òun ló ni ọ̀nà," ó ní. "Bó bá jẹ́ tìtorí ọ̀nà lo ṣe ń lọ, mi ò ní dí ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé iná dé, sá. Má dúró kó ẹrù."

Wọn ò gbé iná dé. Olóyè Ògúntóyìn ni wọ́n rán wá, àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú tí Adéfúnkẹ́ wọ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń kẹ́yìn ní gbogbo agbègbè wa. Aṣòfin wa ò díje mọ́, Olóyè sì ti ní ẹni tirẹ̀ tó fẹ́ kó gba tíkẹ́ẹ̀tì, kọngilá kan tó ń gbaṣẹ́ ìjọba ṣe, tí kò tíì pé ogójì ọdún. Mo wà nílé Adéfúnkẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tó wọlé. Ó jókòó, ó mu omi, ó yin ilé, ó yin iṣẹ́ kọ́nà.

"Tísà, a ti rí iṣẹ́ rẹ," ó ní. "A ó fi ọ́ ṣe olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ni kí o jẹ́ kó sáré ìdíje yìí."

"Ẹ ṣé o, Bàbá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré."

Ó rọra dé fìlà rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú. "Ọ̀nà ibi tí ẹ máa ń sáré lọ yẹn kò dára o. Kí o máa ṣọ́ra."

Kò gbé ohùn sókè. Bóyá ìkìlọ̀ baba fún ọmọ ni. Èmi àti Adéfúnkẹ́ wo ara wa, kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó jẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n sọ fún Caleb ní páàkì pé kò gbọ́dọ̀ gbé èrò ní Ìtawùré mọ́ títí ìdìbò á fi parí. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí òdìkejì ìkóríta, ó ń gbé èrò tirẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìpàdé wọ́ọ̀dù tiwa. Adéfúnkẹ́ ti ń bá àwọn aṣojú tó máa dìbò yan olùdíje ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń tẹ́tí sí i, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Wọ́n ní ọkọ̀ ti dojú dé ní kọ́nà. Ó fi ìpàdé sílẹ̀, ó sáré. Nígbà tó débẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ló bá tí wọ́n sùn sójú títì. Kò sí ọkọ̀, kò sí èèyàn. Kó tó padà dé, kọngilá náà ti bá àwọn aṣojú jókòó, wọ́n sì ti túká. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn: ẹni tí kò lè jókòó parí ìpàdé, báwo ló ṣe máa jókòó nílé aṣòfin?

Bó ṣe rí nìyẹn títí di ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Arámọkọ ni wọ́n ti ṣe é. Ọlọ́pàá wà ní géètì, àwọn aṣojú jókòó ní wọ́ọ̀dù-wọ́ọ̀dù. Àwọn olùdíje yóò sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni wọn yóò dìbò. Alága ti kéde pé ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, wọn yóò fo orúkọ rẹ̀. Mo jókòó ti Adéfúnkẹ́, torí èmi ni mo máa bá a ṣọ́ ìbò. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Ọládèjì nínú búbá funfun, ó fara ti ògiri. Mi ò sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Kọngilá náà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù Adéfúnkẹ́ dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ tún ni. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń sunkún. Bọ́ọ̀sì ti kó sí kòtò ní kọ́nà, ó ní. Àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀, ohùn náà gé.

Ó pe Caleb. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó tún pè é. Kò gbé e.

"Irọ́ ni," mo sọ sí i létí. "Bíi ti ọjọ́sí ni."

"Bí kì í bá ṣe irọ́ ńkọ́?"

"Caleb wà níbẹ̀."

"Caleb ò gbé fóònù, Rachael."

Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Olóyè Ògúntóyìn ń wò ó láti iwájú. "Ó jọ pé iṣẹ́ ń pè ọ́, Tísà," ó ní, ó sì rí i pé àwọn tó yí i ká gbọ́. "Máa lọ. A ó bá ọ ṣe ti ibí."

Adéfúnkẹ́ ti gbé àpò ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí kì í fi sílẹ̀ níbikíbi. Bó ṣe fẹ́ gbẹ́sẹ̀ ni ọwọ́ kan gba àpò náà. Ọládèjì ni.

"Kọ́nà ni?" ó béèrè.

"Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ni. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni."

"Jókòó. Èmi ó lọ."

"Ẹ ò lè wo ẹ̀jẹ̀, Bàbá Adérìn."

"Bó bá jẹ́ irọ́, mi ò ní rí kankan," ó ní. "Bó bá jẹ́ òótọ́, ó kéré tán mo lágbára láti gbé èèyàn. Jókòó."

Ó jáde. A gbọ́ ìró ọ̀kadà tó gbé e lọ. Wọ́n sì pe orúkọ Adéfúnkẹ́.

Ó ti kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sínú ìwé, èmi ni mo bá a tún un ṣe. Kò ṣí i rárá. Ó dúró níwájú, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àpò mi lọ sí kọ́nà ni," ó ní. "Ẹnì kan pè mí pé bọ́ọ̀sì ti kó sí kòtò. Wọ́n ti pe irú ìpè yẹn tàn mí jẹ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí bá mọ̀ pé irọ́ ni tòní náà, mo bẹ̀ ẹ́, kó sọ fún mi. Mi ò ní bínú. Inú mi á dùn."

Ó dúró títí ó fi rí i pé kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀.

"Ẹ rí i pé ara mi ń gbọ̀n. Wọ́n ní mi ò lè jókòó, òótọ́ ni. Ohun tí mo ń wá lọ sí Adó kò ju kí ọjọ́ kan dé tí fóònù á dún, tí mi ò ní sáré, torí ẹni tí ìjọba ń sanwó fún ti ṣáájú mi débẹ̀. Títí ọjọ́ yẹn á fi dé, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni ẹ̀ ń wá bí? Èmi kọ́."

Ó padà wá jókòó. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń wo ilẹ̀.

Wọ́n ti ń to ìlà ìbò nígbà tí fóònù náà tún dún. Ọládèjì ni. Èémí rẹ̀ ń já. "Òótọ́ ni," ó ní.

Adéfúnkẹ́ dì mí lápá mú. "Bá mi dúró ti ìbò yẹn," ó ní. Ó ti jáde kí n tó dáhùn.

Mo dúró. Mo wò ó bí wọ́n ṣe kà á. Kọngilá ló wọlé, ṣùgbọ́n ìbò tó fi borí kò kún bọ́ọ̀sì kan. Olóyè Ògúntóyìn ní kí wọ́n tún un kà, kò sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi parí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó dé ọsibítù. Dókítà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kàn bọ́ sí i ni. Caleb jókòó sílẹ̀, wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀. Fóònù rẹ̀ ti já sínú kòtò nígbà tó ń gba ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì wọlé. Àwọn ọmọdé inú ọkọ̀ náà yè, gbogbo wọn. Ìyá kan láti Ẹ̀fọ̀n kò yè.

Ọládèjì wà lórí bẹ́ǹṣì, búbá rẹ̀ kì í ṣe funfun mọ́. Adéfúnkẹ́ jókòó tì í.

"Kọngilá ló wọlé," mo sọ fún wọn. "Ìwọ lo tẹ̀lé e. Díẹ̀ ló kù."

Ó mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

"Mi ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ máa ń gbóná tó báyẹn," Ọládèjì sọ. Ohùn rẹ̀ ti há. "Ìyá yẹn bi mí bóyá mo bímọ. Mo ní mo bí Adérìnsọ́lá. Ó ní kí n máa pe orúkọ náà fún òun, kí òun má bàa sùn lọ. Mo ń pè é. Mo pè é títí, mi ò mọ ìgbà tí kò gbọ́ mi mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ gba ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ tútù nu ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì. Mo jáde lọ dúró ní ìta.

Kọngilá náà wà nílé aṣòfin báyìí. Kó tó débẹ̀, ó wá sílé Adéfúnkẹ́ láti bẹ̀ ẹ́ pé kó ti òun lẹ́yìn. Adéfúnkẹ́ ní jẹnẹrétọ̀ àti dókítà ni òun fẹ́, pé òun ò fẹ́ nǹkan kan fún ara òun. Wọ́n ti tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Dókítà ṣì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tísà tí Adéfúnkẹ́ fi sílẹ̀ kò ṣeé gbà padà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ àfikún nínú pálọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, ara sì ń ni wọ́n díẹ̀ nínú ilé náà, mi ò ní parọ́.

Ìdìbò abẹ́lé mìíràn ti ń sún mọ́lé. Àwọn èèyàn Ìkògòsí àti Erìjìyàn, tí wọn ò mọ̀ ọ́n rí tẹ́lẹ̀, ti ń pe Adéfúnkẹ́ sí ìpàdé. Ó ń lọ. Bí Ọládèjì bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, òun ló ń wa ọkọ̀ gbé e lọ, á sì jókòó nínú ìpàdé náà títí wọ́n fi máa parí.